Bébà Fàdákà Tí Mo Fi Rọ́pò Fíúsì

Osmel kọ́ ló jó mọ́tò Bàbá Evelio. Èmi ni. Mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ jáde, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá fi àlàyé ṣíwájú, n óò ṣàlàyé títí n óò fi dá ara mi láre. Ẹ̀yin ará òpópónà yìí, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ẹ fi ń pe ọkùnrin yẹn ní Ajómọníná, tí èmi ń gbọ́, tí mo sì ń bá yín mu kọfí lọ. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́, pé oṣù díẹ̀ ló kù. N kò fi ìyẹn tọrọ àánú. Ẹni tó ń kú lọ kò di ènìyàn rere nítorí pé ó ń kú. Ẹ̀rù ló kàn ń bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé kí n lè kà á jáde bó ṣe rí, kí n má baà fo ibi tó burú jù. N kò kàwé púpọ̀. Bí ẹ bá ń retí ọ̀rọ̀ dídùn, ẹ lọ bá àlùfáà.

Ẹ̀yin àgbà mọ bí ọdún 1994 ṣe rí. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bi ìyá yín. Kò sí epo, kò sí ọṣẹ, iná ìlú ń lọ ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, omi ṣúgà ni a ń mu sùn. Nínú ìlú Cienfuegos wa yìí, bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé ṣé o tún un ṣe. “Ṣé o yanjú ẹ̀?” ni wọ́n máa ń béèrè. Ẹni tó jí ẹran níbi iṣẹ́, ó yanjú. Ẹni tó rọ omi ọṣẹ ìfọrun sínú bíréèkì mọ́tò, ó yanjú. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ó bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Èmi sì ni mo mọ̀ ọ́n yanjú jù nínú gbogbo yín, nítorí iṣẹ́ réwáyà ni mo ń ṣe. Ọkọ mi Ibrahín ló fi àpótí irinṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó kú. Kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Mo fi ojú kọ́ díẹ̀, mo fi ìka jíjó kọ́ ìyókù. Bí mo bá ń kọjá lẹ́bàá èbúté, àwọn mẹkáníìkì á máa pariwo: “Nereida, ìkòkò rẹ dà? Wáyà ò ṣeé fi se ọbẹ̀ o!” Èmi náà á dáhùn pé, “Ìyàwó ẹ ló ránṣẹ́ pè mí, ó ní iná tìẹ ò tàn mọ́.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti búra fún ara mi pé wọn kò ní rí ọjọ́ tí iná tí mo ṣe kò ní tàn. Ìbúra yẹn ló ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí.

Mọ́tò Bàbá Evelio Rabassa jẹ́ Chevrolet 1952, aláwọ̀ ewé àti funfun, tí bàbá tirẹ̀ rà ní tuntun. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti di ti ọkọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà, rédíétọ̀ rẹ̀ ti di ti katakata, ṣùgbọ́n Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan dáṣíbọọ̀dù. Migdalia ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, pẹ̀lú Osmel, ọkọ rẹ̀ kejì, àti Yusleidis, ọmọ tí Migdalia bí fún ọkọ àkọ́kọ́ tó gba orí òkun sá lọ kí ọmọ tó fẹsẹ̀ rìn. Èmi ni ìyá ìsàmì ọmọ náà. Osmel kọ́ ló bí i, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, òun ló sì ń pè ní bàbá. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Yusleidis fẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí ebi bá tilẹ̀ pa ilé fún odidi ọdún kan, ọmọbìnrin tó bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ayaba, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n sì gbé e yí ìlú ká nínú mọ́tò. Bàbá Evelio wá bá mi nílé. Ó ní, “Nereida, iná inú mọ́tò mi ti kú láti ọdún tí ìyá Migdalia ti kú. Ti dáṣíbọọ̀dù, ti àjà, gbogbo ẹ̀. Mo fẹ́ kó tàn lọ́jọ́ Sátidé.” Mo ní, “Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi iná ṣe lójú ọ̀sán?” Ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀sán ni? Ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tóòrùn bá ń wọ̀. Wọ́n á ti múná ìlú lọ. Kí gbogbo òpópónà ṣókùnkùn, kó jẹ́ ojú ọmọ mi nìkan ni wọ́n á máa rí nínú mọ́tò, bí ẹja nínú ìgò.” Mo ní, “Ẹja kẹ̀, Bàbá!” Ó ní, “Ẹja aláwọ̀ wúrà ni mò ń wí, ìwọ òpè yìí.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dùbúlẹ̀ lórí ìjókòó iwájú, orí mi lábẹ́ sitiárín, ẹsẹ̀ mi níta. Aṣọ ni wọ́n fi bo wáyà ayé ìgbà yẹn, kì í ṣe rọ́bà; bí mo ṣe ń fọwọ́ kàn án ló ń rún bí bisikíìtì. Mo yọ wọ́n, mo fi wáyà tẹlifóònù rọ́pò wọn. Àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù ti ṣú tán. Inú rédíò àwọn ará Rọ́ṣíà ni mo ti tú òmíràn. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo gbogbo gíláàsì mọ́tò kí inú rẹ̀ lè ṣókùnkùn, èmi, Bàbá àti Osmel sì há sínú rẹ̀ bí adìyẹ. Mo fa bọ́tìnnì iná. Agogo tó ń ka eré tàn, ti epo tàn, ti omi tàn, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tútù sì bọ́ sí wa lórí orúnkún. Bàbá Evelio fi àtàǹpàkò nu gíláàsì agogo náà, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Ká ní mo dúró síbẹ̀, n kì bá tí ní nǹkan kan láti kà fún yín lónìí.

Ti àjà ló kù, gílóòbù kan ṣoṣo tó wà láàárín òkè, tí yóò máa tàn sórí ọmọ náà. Mo fi fíúsì sí i, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, fíúsì jó. Mo fi òmíràn sí i, ó jó. Ẹ̀kẹta ló kẹ́yìn èyí tí mo ní, òun náà jó. Ẹ gbọ́ o, fíúsì tó jó, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ó ń sọ pé wáyà kan fara kan irin níbì kan, lọ wá a. Mo gbọ́ èdè yẹn ju bí mo ṣe gbọ́ àdúrà lọ. Mo tilẹ̀ mọ ibi tí wáyà náà wà: òkè, lábẹ́ aṣọ àjà, níbi tó ti gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú gòkè lọ. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju wákàtí méjì lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ tú aṣọ àjà, bẹ́ẹ̀ Migdalia ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́tìnnì yàrá rẹ̀ rán an tuntun ni, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè. Mo pè é, mo ní, “Migda, mo máa tú aṣọ yìí o.” Ó ní, “Tú kí ni? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rán an, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́! Tó o bá tú u, Nereida, ìwọ lo máa wọ aṣọ ayaba lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ la máa gbé káàkiri.” Mo ní, “Wáyà ló ń bẹ lábẹ́ ẹ̀.” Ó ní, “Ìwọ ni Nereida àbí ìwọ kọ́? Yanjú ẹ̀.” Ó yẹ kí n bá a jà. Mo bá ọkùnrin mẹ́wàá jà lẹ́bàá èbúté rí. N kò bá a jà nítorí pé ó dùn mọ́ mi bó ṣe pe orúkọ mi.

Osmel jókòó sórí bọ́ńpà, ó ń mu sìgá. Ó ní, “Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń wá?” Mo ní, “Fíúsì.” “Kí ni fíúsì ń ṣe gan-an?” “Ó máa ń jó kí mọ́tò má baà jó.” “Ṣé kò séyìí tí kì í jó ni?” Ó ń ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sí páálí sìgá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Fún mi ní bébà fàdákà inú ẹ̀ yẹn.” Ó fà á yọ, ó ní, “Migdalia ní sìgá mi ò wúlò fún nǹkan kan. Ẹ bá mi sọ fún un o.” Mo wé bébà náà mọ́ fíúsì tó ti jó, mo tì í padà sí àyè rẹ̀. Iná àjà tàn gedegbe. Kò ṣẹ́jú. Osmel wo òkè, ó ní, “Ṣé kò léwu?” Mo ní, “Kó tó di Sátidé, màá ti rí fíúsì gidi.” Ó ní, “Ó dáa, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.”

Mo sì rí fíúsì gidi. Ẹnikẹ́ni kò mọ èyí, títí kan Yusleidis tó jókòó síbẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin kan tó ń tún iná ọkọ̀ ojú omi ṣe fún mi ní ọ̀kan. Mo fi sápò, mo rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn Bàbá Evelio, mo dúró. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi sí i, yóò jó, nítorí pé wáyà òkè yẹn ṣì wà bó ṣe wà. Iná á kú lójú gbogbo ìlú, àwọn ará èbúté á sì ní, “Ẹ ò rí i? Obìnrin.” Mo yí padà lọ sílé mi, mo lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ àríyá mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, a jẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí Migdalia sìn fún oṣù mẹ́jọ nínú ilé ìwẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, iná ìlú lọ bí Bàbá ṣe wí, Osmel sì jókòó sídìí sitiárín, sìgá lẹ́nu. Yusleidis nìkan ló wà lẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ fẹ̀ bí agbòòrùn, ó kún gbogbo ìjókòó. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́. Èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, “Ẹ wo ojú ọmọ! Ẹ wo bó ṣe ń tàn!” Iná mi ni mò ń wò. N kò wo ọmọ. Ní igun ọgbà ìgbafẹ́, Yusleidis kan gíláàsì, ó ní, “Bàbá, nǹkan ń gbóná lórí mi.” Osmel ní, “Adé orí ẹ ni!” Ó yí ojú padà láti rẹ́rìn-ín sí i, ó sì pariwo. Aṣọ àjà ti já, ó ń jó, ó bọ́ sórí ọmọ náà bí ẹni tẹ́ aṣọ lé e. Kí mọ́tò tó dúró, Osmel ti bẹ́ sílẹ̀. Aṣọ ayaba há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọwọ́ lásán ló fi ya á, pẹ̀lú iná lára rẹ̀, tó fi fa ọmọ jáde. Etí òsì ọmọ náà, ọrùn rẹ̀ àti apá rẹ̀ jó. Ọwọ́ Osmel méjèèjì jó. Mo dúró. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí àwọn panápaná tó rí omi, irin nìkan ló kù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ti irin náà wá síwájú ilé. Mo ní mo fẹ́ wo ohun tó fà á, gbogbo yín sì ní, “Ẹ jẹ́ kí Nereida wò ó, òun ló mọ̀ ọ́n.” Mo ti orí bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù tó ti yọ́, mo fi ẹ̀mú fa ilé fíúsì yọ. Bébà fàdákà náà ṣì wà níbẹ̀. Ó dúdú, ṣùgbọ́n kò já. Ó ṣe iṣẹ́ tí mo rán an. Mo fi í sábẹ́ bùláòsì mi, mo rìn dé etí òkun, mo jù ú nù. Bí mo ṣe ń bọ̀, ẹ ń bi mí, mo ní, “N kò rí nǹkan kan.”

Ibi tó burú jù nìyí. Lọ́jọ́ Ajé, ọlọ́pàá méjì wá. Iwájú ilé Bàbá Evelio yìí náà ni, lórí ibi tí mo dúró sí yìí. Ẹni mẹ́ta nínú yín ti sọ pé ẹ rí sìgá lẹ́nu Osmel. Bàbá Evelio ní, “Mo sọ fún un pé kó má mu sìgá nínú mọ́tò mi. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́.” Osmel dúró, wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgúnpá. Ó ní, “Bàbá, mo ti ju sìgá yẹn nù ká tó dé ọgbà. Ẹ bi ọ̀gá. Ẹ bi wọ́n nípa bébà fàdákà.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún mi ló ṣe sọ ọ́, kí n lè gba ibẹ̀ wọlé fúnra mi. Mo ní, “Bébà fàdákà wo?” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ọlọ́pàá kan bi mí, “Ṣé fíúsì wà nínú mọ́tò náà?” Mo ní, “Ó wà. Méjì ni mo rí, mo fi ọ̀kan sí i.” Mo wá ti ọwọ́ bọ àpò, mo mú fíúsì ọjọ́ Ẹtì jáde, mo gbé e sọ́wọ́ ọlọ́pàá. “Ìkejì rèé.” Gbogbo yín rí i. Ó mọ́, ó ń dán. Osmel wò ó, ó wò mí, ó ní, “Ọ̀gá.” Migdalia lọ sínú ilé, ó kó aṣọ rẹ̀, ó dà á síta fún un.

Ọlọ́pàá kò rí ẹ̀rí tó tó, wọ́n fi í sílẹ̀. Òpópónà yìí ni kò fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ yín ń tẹ̀ lé e: “Osmel, ṣáná sí mi!” Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti kó lọ sí ìlú Cruces, ó ń fi ọwọ́ tó ti ká jọ tún mátírẹ́ẹ̀sì ṣe láti ilé dé ilé. Nígbà tí Yusleidis dé láti ọsibítù, ó sọ fún mi pé, “Ìyá ìsàmì, òkè ni iná yẹn ti wá. Kì í ṣe ilẹ̀. Òkè ni.” Mo gbé e sáyà, mo ní, “Ẹ̀rù ló bà ẹ́, ọmọ mi. Ẹni tíná ń jó kì í mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀.” Ó gbà mí gbọ́. Ohun tí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo fi ìkórìíra bàbá rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú iṣẹ́ tí mo ṣe sí mọ́tò yẹn.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Migdalia kú. Bí a ṣe ń gbé e jáde, Osmel dúró ní òdìkejì títì, ó ti di arúgbó, fìlà rẹ̀ wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Yusleidis rí i. Ó ní, “Kí lo tún wá jó níbí?” Apá rẹ̀ tó jó ni mo dì mú. Osmel kò wò ó. Èmi ló wò, ó pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dé fìlà, ó lọ. N kò sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀dọ̀ kọ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe Yusleidis, mo sọ fún un. Ó ní, “Òkè ló ti wá, àbí?” Mo ní, “Òkè ni.” Ó ní, “Ṣé ìyá mi mọ̀?” Mo ní, “Kò mọ̀.” Ó ní, “Ìyẹn ni pé lásán ni ìyá mi fi kórìíra ẹ̀ kú.” Ó dìde, kò dágbére fún mi, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Cruces. Nígbà tó padà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Osmel rán an sí mi: “Mi ò ní gbẹ̀bẹ̀ nínú yàrá. Ìta gbangba ló ti sẹ́ mi. Kó lọ sọ ọ́ síta gbangba.” Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbé àga yín síta nìyẹn.

Bàbá Evelio ti kú, Migdalia ti kú, n kò lè bẹ̀ wọ́n mọ́. Yusleidis, n kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o kò bá dárí jì mí rárá, o jàre. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ yanjú nǹkan, ẹ kọ́kọ́ wò ó pé ta ni yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, mo bẹ̀ yín, ẹ mú orúkọ Ajómọníná yẹn kúrò lẹ́nu yín. Ẹ sọ fún àwọn tó ti kó lọ. Ẹ kọ ọ́ sí àwọn tó wà lókè òkun. Osmel sọ fún Yusleidis pé bí mo bá ti sọ ọ́ tán lónìí, òun á wá wo ibojì ìyàwó òun. Ọkọ̀ Cruces máa ń dé ní aago mẹ́rin. Yóò gba iwájú ilé yín kọjá, ẹ ó sì rí i. N kò lẹ́nu láti kọ́kọ́ kí i. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, kí ó dìde, kí ó kí i ní orúkọ rẹ̀.